Tọ́bò Tí Wọ́n Fi Orúkọ Mi Tà

Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ fún yín bí wọ́n ṣe fi orúkọ mi ta ọjà tí èmi fúnra mi ò fọwọ́ sí, àti ipò tí orúkọ náà wà nígbà tí wọ́n lò ó tán tí wọ́n dá a padà fún mi.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣì jẹ́ tuntun ni, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán lójú oòrùn. Mi ò bá má tiẹ̀ hú u jáde mọ́. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá síwájú ilé mi ní Ìbídó, nínú Ṣàgámù níbí. Ó ní òun ti ra tọ́bò sí i, kí n wá gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó tẹná, mọ́tò kékeré náà sì súfèé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tí mo dìde wọlé.

Mo mọ súfèé yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí lára ọkọ̀ tó tóbi ju tirẹ̀ lọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, tọ́bò ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun náà á wá máa fẹ́ atẹ́gùn padà sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ọkọ̀ tó bá bá a wá láti ilé iṣẹ́, mi ò bá a jà. Èyí tí wọ́n rà nínú páálí, tí wọ́n wá so mọ́ ọkọ̀ tí kò bá a wá, lábẹ́ igi, ní gáréèjì, òun ni mò ń sọ.

Lọ́rì obì ni mò ń wà nígbà náà. A máa ń kó gbànja láti àwọn abúlé bí Àkàkà àti Ìròlú wá sí Ṣàgámù, kí a tó forí lé Òkè Ọya. Ẹni tí kò bá ṣòwò obì rí lè rò pé ẹrù kan bí ẹrù mìíràn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obì tó bá fara gbá nínú apẹ̀rẹ̀ á dúdú, èyí tó dúdú á sì kó ìbàjẹ́ ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń já sínú kòtò lójú ọ̀nà, ìdọ̀tí ni yóò tú sílẹ̀ fún ẹni tó ń dúró de ẹrù lọ́hùn-ún.

Èmi, mo máa ń rọra wakọ̀. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ ni. Àwọn obìnrin olóbì ló sọ mí ní Jẹ́jẹ́. Orúkọ yẹn mọ́ mi lára débi pé àwọn ọmọ àdúgbò ò mọ èyí tí bàbá mi sọ mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tí ẹ kò lè lóye ìyókù láìgbọ́ ọ. Àwọn olóbì Ṣàgámù ìgbà yẹn kì í béèrè pé lọ́rì wo ló ń lọ. “Ta ló ń lọ lónìí?” ni wọ́n máa ń béèrè. Orúkọ dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń gbé ẹrù lé. O lè ní lọ́rì tuntun, kí o fi ọ̀dà kùn ún kó máa kọ yẹ̀rì, tí wọn ò bá fẹ́ràn ẹni tó jókòó nídìí síárìn, apẹ̀rẹ̀ kan ò ní wọ inú rẹ̀. Tí wọn ò bá sì fọkàn tán ẹ mọ́, wọn ò ní bú ẹ. Wọ́n á kí ẹ dáadáa, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ. Wọ́n á wá gbé apẹ̀rẹ̀ wọn gba iwájú rẹ kọjá lọ sínú lọ́rì ẹlòmíràn.

Ẹni tó ni lọ́rì tí mò ń wà ni Alàájì Ràímì. Olóbì ńlá ni, ó sì tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Òun ló fa Sikírá lé mi lọ́wọ́ níjọ́ ìgbéyàwó wa. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mi ò ti tètè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ibo ni mo fẹ́ gbà?

Ohun tó bí Alàájì nínú ni pé àwọn lọ́rì tuntun ń kọjá wa lórí òkè. Ẹrù tó bá kọ́kọ́ dé ọjà l'Ókè Ọya ló ń gba owó tó dáa. Ọjọ́ kan ló mú ọkùnrin kan wá láti Èkó. Ẹ́ńjíníà ni wọ́n ń pè é. Ó wọ jígí dúdú, kò sì bọ́ ọ nígbà tó ń wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Páálí ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tọ́bò ló wà nínú rẹ̀.

Mo dúró tì í bó ṣe ń dì í. Páìpù tín-ín-rín tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó fẹ́ fi tọ́bò sí kọjá. Ààyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò gba àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo sì mọ̀ pé ibi tí èéfín ń gbà jáde lè pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ.

Mo ní, “Ẹ́ńjíníà, ẹ ti fi agbára kún un. Bíréèkì ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹ fẹ́ lọ ni, àbí ẹ fẹ́ dúró?”

Gbogbo àwọn tó pé jọ rẹ́rìn-ín, Alàájì náà rẹ́rìn-ín. Mo na ìka sí páìpù náà. Ó fi àkísà kan wé e, ó ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ẹ gbọ́, àkísà o.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e gun òkè, orí mi wú. Ibi tí mo ti máa ń wọ gíà kejì, tí Sàkà, mẹ́ètì mi tó ń bá mi tọ́jú ẹrù lẹ́yìn lọ́rì, á bọ́ sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, lọ́rì náà kàn súfèé ni, ó gùn ún bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sàkà ń pariwo lẹ́yìn pé kí n tún jẹ́ kó súfèé.

Níbi tí a ti wá ń sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì ni mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi lọ wálẹ̀ bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀. Mo fà á sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, kó tó di pé ó mú díẹ̀díẹ̀. Òógùn bò mí. Sàkà ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan, orin ló ń kọ lẹ́yìn.

Nígbà tí a padà dé, mo lọ bá Alàájì. Ó tẹ̀ lé mi wá sídìí lọ́rì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gòkè, ó tẹ bíréèkì. Ó le bí òkúta. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wò mí.

Mo ní, “Alàájì, ìgbà tó bá gbóná ni. Bó bá tutù, á padà bọ̀ sípò. Ooru tọ́bò ló ń se òróró inú páìpù yẹn.”

Ó ní, “Bíréèkì tó ń ṣàìsàn lójú ọ̀nà, tó ń gbádùn bó bá ti délé. Jẹ́jẹ́, ṣé ọmọ tí kò fẹ́ lọ iléèwé ni?”

Ó dùn létí, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àrùn tó jẹ́ pé bí o bá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa wò ó, ó ti lọ. Báwo lo ṣe fẹ́ fi í han ẹnikẹ́ni?

Mo wá dá ọgbọ́n tèmi. Kí a tó débi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ èyíkéyìí, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mà á jẹ́ kó fẹ́ra. Àwọn dẹ́rẹ́bà tí mo ti kọjá lórí òkè á wá bá mi níbẹ̀, wọ́n á yọ orí jáde. “Jẹ́jẹ́, o ra tọ́bò tán, o tún ń sinmi. Ṣé òkúta ni wọ́n tà fún yín ni?” Mo máa ń juwọ́ sí wọn.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yà sí. Alàájì rí i pé súfèé lọ́rì wa ti gba ìlú kan. Bí a bá ti ń wọ Ṣàgámù bọ̀, àwọn ènìyàn á ti máa sọ pé Jẹ́jẹ́ ti dé. Kò pẹ́ kò jìnnà, òun àti Ẹ́ńjíníà dòwò pọ̀. Páálí tọ́bò kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́nà Sábó. Àwọn onílọ́rì ń wá láti Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìpẹ̀rú, láti Ìjẹ̀bú pàápàá.

Bí ọ̀kan bá ń ṣiyèméjì, tó bá ní òun gbọ́ pé ó máa ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ṣé ẹ mọ ohun tí Alàájì máa ń sọ? Á ní, “Ta ló ń wa tèmi? Jẹ́jẹ́ ni. Ṣé Jẹ́jẹ́ lè jókòó sórí nǹkan tó léwu?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń tán sí. Ọkùnrin náà á sọ pé bó bá jẹ́ Jẹ́jẹ́ ni, kò burú. Á gbé páálí.

Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní, “Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi sí i. Mo ti sọ ohun tí mo rí fún yín.” Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti mọ̀ mí. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní, “Ẹ ò rí i? Ojú ń tì í. Kò fẹ́ ká máa yin òun.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n sì ra tọ́bò.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Àkàkà la ti ń bọ̀, lọ́sàn-án, tí oòrùn ń mú ganrín. A ti kó ẹrù ìdajì, a fẹ́ wá kó ìyókù ní Ṣàgámù. Alàájì fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ó lọ wo obì rà lọ́hùn-ún ni. Sàkà wà lẹ́yìn, lórí apẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìjẹ̀bú kan ń dúró de Alàájì ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fẹ́ fetí ara wọn gbọ́ bí lọ́rì wa ṣe ń súfèé kí wọ́n tó ra tiwọn.

Nígbà tí a kù díẹ̀ kí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí afárá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí mo ti máa ń ṣe.

Alàájì ní, “Kí lo fẹ́ ṣe?”

Mo ní, “Kó fẹ́ra díẹ̀, sà.”

“Àwọn ènìyàn ń dúró dè mí. Máa lọ jọ̀ọ́, Jẹ́jẹ́. Ìwọ àti sinmi-sinmi rẹ.”

Ọkọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Mo wọ gíà kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀.

Mo tẹ bíréèkì. Ó lọ wálẹ̀. Mo fà á, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mò ń tẹ̀, mò ń tẹ̀, ẹrù sì ń tì wá ju agbára gíà lọ. Alàájì di dáṣíbọ́ọ̀dù mú, ó tẹ orí ba, ojú rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ mi. Mo rí i tó ń wò ó. Afárá wà níwájú, àwọn tó ń bọ̀ láti oko sì ń kọjá lórí rẹ̀ tẹrùtẹrù.

Mo kígbe pe Sàkà, “Wẹ́ẹ̀jì!”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ wẹ́ẹ̀jì. Ìtì igi kan ni, tí wọ́n gé ní gọ́ńgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ mẹ́ètì ni pé bí bíréèkì bá já, á bẹ́ sílẹ̀, á sáré ti igi náà bọ abẹ́ táyà kí ọkọ̀ lè dúró. Sàkà ti ṣe é rí nígbà tí lọ́rì wa ṣì ń rìn bí ìgbín, a sì jọ fi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́rì tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè bá kẹ́gbẹ́ ni wọ́n ṣe wẹ́ẹ̀jì fún. Kì í ṣe èyí tó ń sáré bí tiwa ọjọ́ yẹn. Sàkà bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi rẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ gbé e ṣubú, táyà ẹ̀yìn sì gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Mo yí síárìn. Mo gbé lọ́rì lọ sínú òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó wọ̀ ọ́, ó mì tìtì, ó dúró. Apẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lẹ́yìn, gbànja funfun àti pupa tú ká gbogbo ọ̀nà títí dé etí afárá.

Fìlà Alàájì ti jábọ́, àmọ́ nǹkan kan ò ṣe é. Ó ṣì ń wo ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ náà ṣì ń tẹ bíréèkì, èmi fúnra mi ò mọ̀.

Ó ní, “Fi bíréèkì sílẹ̀. Ọkọ̀ ti dúró.”

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ Sàkà lábẹ́ orúnkún.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà olóbì àti àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà pé jọ síbi tí a ti ń kẹ́rù. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí dẹ́rẹ́bà tó dàgbà jù láàárín wa lọ yẹ bíréèkì wò níbi tí lọ́rì wà. Ó lọ, ó bọ̀. Ó ní ó mú. Ó ní ó le dáadáa. Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ti sùn mọ́jú, ṣé ẹ rí i? Ó ti tutù.

Wọ́n ní kí Alàájì wí tẹnu rẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ní èmi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní láti ìgbà tí agbára ti wọ inú lọ́rì ni eré ti wọ̀ mí lórí, pé òun ti ń bẹ̀ mí kí n máa rọra.

Òun. Òun ló ń bẹ̀ mí kí n rọra.

Ìyá Ìdáyàtù wà níbẹ̀, obìnrin olóbì tí ẹrù rẹ̀ kì í bá ẹlòmíràn lọ bí kò ṣe èmi. Ó ní, “Alàájì, ṣé kì í ṣe nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ yẹn ló fà á?”

Alàájì ní, “Ìyá, tọ́bò ò ní ọwọ́ tó fi ń di síárìn mú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, àmọ́ mo gbọ́ ọ.

Mo dìde. Mo ní Alàájì jókòó tì mí, ó rí ẹsẹ̀ mi lórí bíréèkì. Ó rí i bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òun ló tiẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀. Ìyá Ìdáyàtù yíjú sí i. “Alàájì, ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ rẹ̀?”

Alàájì fi ọwọ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Ó ní, “Ojú ọ̀nà ni mò ń wò.”

Ó parí.

Sikírá ìyàwó mi lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Nígbà tó dé, kò jókòó, ó ń tún ilé tí kò dọ̀tí ṣe. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní, “Ó ní ojú ọ̀nà lòun ń wò.” Nígbà tó ṣe, ó ní, “Mo gbà yín gbọ́, Bàbá Gàníyù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni.” Mi ò bínú sí i. Kí ló fẹ́ ṣe? Ibi kan ṣoṣo náà ni wọ́n ti wá.

Mo lọ wo Sàkà. Òun ni mo tiẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jù pé yóò mọ̀ mí. Àmọ́ ẹ̀yìn lọ́rì ló wà níjọ́ náà, kò rí ẹsẹ̀ mi, kò rí ojú Alàájì. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé mi ò lè sáré tó yẹn. Kí ló dé tí ẹ fi sáré bẹ́ẹ̀?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní wọ́n ní bíréèkì mú nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Alàájì ò lé mi. Ó kàn fi ẹlòmíràn sórí ọkọ̀ nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán ni, wọ́n sì fi ọ̀dà kun ibi tí wọ́n kọ Jẹ́jẹ́ sí níwájú rẹ̀. Ọ̀gá mìíràn fún mi ní lọ́rì tirẹ̀. Mo gbé e lọ sídìí ẹrù láàárọ̀, mo gbálẹ̀ inú rẹ̀, mo dúró tì í.

Àwọn olóbì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. “Jẹ́jẹ́, ẹ kú àárọ̀ o. Sikírá ńkọ́? Gàníyù ńkọ́? Ara yín ti yá?” Mò ń dáhùn. Ìyá Ìdáyàtù dé, ọkùnrin kan ru apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó dúró, ó kí mi pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó ní Ọlọ́run á bá mi ṣe é. Ó wá sọ fún aláàárù náà pé kó máa bọ̀, wọ́n sì gba iwájú mi kọjá.

Oòrùn wọ̀, lọ́rì ṣófo. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọ̀gá náà kó tó béèrè.

Típà ni mo wá ń wà lẹ́yìn ìgbà yẹn, mò ń kó yẹ̀pẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Yẹ̀pẹ̀ kì í béèrè pé ta ló ń lọ lónìí.

Ẹ̀ ń retí kí n sọ pé òótọ́ padà fojú hàn. Ó fojú hàn, àmọ́ kò wá sílé mi. Ohun tí mo sọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn yòókù. Dẹ́rẹ́bà kan ní Ìpẹ̀rú fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ilé onílé. Òmíràn já tọ́bò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jù ú sígbó. Wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí páálí fi dínkù ní ṣọ́ọ̀bù Alàájì, tí wọ́n fi wá tán. Búláńkẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀dì ló ń tà níbẹ̀ nígbà tó yá. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Kò sì sẹ́ni tó rántí pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọdún gorí ọdún. Alàájì darúgbó. Ó fẹ́ lọ wo ilẹ̀ rẹ̀ kan ní Àkàkà, ó rán Sikírá sí mi pé kí n jọ̀ọ́ wá wa òun lọ. Mi ò fẹ́ lọ. Sikírá wò mí, mo lọ.

Mọ́tò kékeré ni, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ìjọ́sí. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní, “Ìwọ nìkan ni mo lè jókòó tì kí n sùn.”

Ó bí mi nínú. Nígbà tí a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, “Ṣé ó gbóná ni?”

Mo ní, “Rárá, sà. Alàájì, níjọ́ yẹn, ibo lẹ̀ ń wò?”

Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń kọjá lórí afárá.

Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ ni. Mo rí i.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?”

Kò bínú. Ohùn tí ẹ̀gbọ́n fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún àbúrò ló fi sọ ọ́. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ níjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó ra tọ́bò lọ́wọ́ òun ni yóò gbé e padà wá sẹ́nu ọ̀nà òun, òwò òun á dojú dé, ilé òun á tú. Ó ní, “Èmi ní ohun tó pọ̀ tó lè bàjẹ́. Tìrẹ, orúkọ lásán ni.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ fún Sàkà nìkan. Kì í ṣe fún ìlú. Kí Sàkà ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Sàkà ṣì wà láàyè nígbà náà, ó ń fi igi rìn.

Ó ní, “Ká máa lọ, Jẹ́jẹ́. Oòrùn ń mú mi.”

Mo ṣáná sí mọ́tò. Mo rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo sá fún gbogbo kòtò, ó sì sùn kí a tó dé Ṣàgámù. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “O ṣé, Jẹ́jẹ́.” Òun nìkan ló ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú. Ó kú kó tó pé ọdún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Sàkà náà ti lọ, ohun tó mọ̀ nípa mi ló gbé lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára kún ọkọ̀ rẹ, bi í ní ohun tó fi kún ìdúró rẹ̀. Bó bá fi ẹ̀rín dá ẹ lóhùn, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ. Bí o bá sì gbọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ ta ohun tí o ò lè fún ọmọ rẹ, má sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Pariwo níbẹ̀, lójú oníbàárà, bó tilẹ̀ jẹ́ àna rẹ ló ń tà á.

Ọmọ àbúrò mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo padà jáde lọ bá a. Mo bi í nípa bíréèkì. Ó ní mekáníìkì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára. Mo ní, “Nígbà tó tutù ni, àbí nígbà tó gbóná?” Ó wò mí bí ẹni wo àgbàlagbà. Ó tún tẹná, kí n lè gbọ́ súfèé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ta ọjà rí nínú yín? Ta ló jókòó ti ẹnì kan tó rí òótọ́, tó sì sọ pé ojú ọ̀nà lòun ń wò? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ẹ sì fi orúkọ yín sí i, tó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín.